Ẹni Tó Dáná fún Màmá Blum

Ìwo àgbò ni wọ́n fọn ní ṣọ́ọ̀ṣì ọmọ ọmọ mi lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ìwo gígùn kan ni, ó wé bí ejò, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti rà á, bébà tí wọ́n kọ iye rẹ̀ sí ṣì lẹ̀ mọ́ ọn nídìí. Díákónì tó ń fọn ọ́n kò mọ̀ ọ́n fọn. Ohun tó jáde dàbí igbe ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì há mọ́. Síbẹ̀ ìjọ bú sí halelúyà, àwọn obìnrin kan ṣubú lulẹ̀, ẹni tó jókòó níwájú mi sì na ọwọ́ sókè débi pé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè mi.

Inú ilé ńlá kan lẹ́yìn Old Kent Road ni ṣọ́ọ̀ṣì náà wà, níbi tí wọ́n ti ń ta táìlì ilé ìwẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n pe ọjọ́ náà ní Ọjọ́ Ísírẹ́lì. Wọ́n ta àsíá yí ògiri ká. Àwọn tí wọ́n ti lọ sí Jerúsálẹ́mù, tí wọ́n fi J.P. sẹ́yìn orúkọ wọn bí ẹni pé yunifásítì ló fún wọn, jókòó sí ìlà iwájú, wọ́n fi aṣọ àdúrà àwọn Júù bo agbádá. Ẹnìkan ń ta òróró inú ìgò kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Mo wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, kò sí ẹyọ kan tó lè sọ fún mi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí àdúgbò tí àwọn Júù ń gbé nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù yìí. Júù tó bá jìnnà ni wọ́n fẹ́ràn, tàbí èyí tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ǹ bá ti fara dà á. Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló bẹ̀ mí kí n wá, èmi náà sì ti pinnu láti sùn títí wọn yóò fi parí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé máìkì fún Bàbá Adéògo.

Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni báyìí. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi tì í wọlé, orí rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n ní kó wá jẹ́rìí. Ó gbọn máìkì wò, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, ìyá Júù kan wà ní Peckham níhìn-ín. Òfin wọn ni pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iná lọ́jọ́ ìsinmi. Ta ló ń dáná fún un? Èmi ni! Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀! Ohun tí Ọlọ́run Ísírẹ́lì rí nìyẹn tó fi dá mi sí dòní."

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Àwọn kan sunkún. Pásítọ̀, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ń dán bí ìgbà tí wọ́n fi pólíìṣì bàtà kùn ún, dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe mú bírò. Mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ òní mọ ẹni tó dáná, kí ẹ sì mọ ìgbà tí kò sí ẹni tó dá a.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà. Òmìnira Nàìjíríà ṣì tutù bí ọ̀dà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sára ògiri. Bàbá mi ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó ti padà sí Ìbàdàn láti lọ jókòó sórí àga tí òyìnbó dìde lórí rẹ̀, ó ní òun yóò ránṣẹ́ pè wá. A ń retí ìránṣẹ́ náà títí di òní. Ìyá mi ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ọsibítù ńlá ní Camberwell. Àwa méjèèjì ti rìn láti Stockwell dé Peckham, à ń wá yàrá. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń kọ ọ́ sí pé àwọn kò gba aláwọ̀ dúdú, àwọn kò sì gba ajá. Àwọn mìíràn tilẹ̀ kọ orúkọ ajá ṣáájú tiwa.

Obìnrin kan ṣoṣo ló ṣílẹ̀kùn dáadáa. Ó wo ìyá mi, ó wò mí, ó wo bàtà mi tó ti mu omi yó. Ó ní, "Ṣé ọmọ yìí ti jẹun?" Kò béèrè nǹkan mìíràn.

Missis Blum ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Ìyá mi ní ọmọ òun kò gbọdọ̀ pe àgbà bẹ́ẹ̀ yẹn, ni mo bá ń pè é ní Màmá Blum. Kò bímọ, ṣùgbọ́n ó jẹ́ orúkọ náà bí ẹni tó ti ń dúró dè é. Obìnrin kúkúrú ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Ihò bọ́tìnnì ló ń fọwọ́ rán sára kóòtù fún ilé iṣẹ́ kan. Wọ́n á kó kóòtù wá lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á kó o lọ lọ́jọ́ Bọ̀. Òun ló ń gbé ìsàlẹ̀, àwa wà lókè. Bí mo bá di ojú mi báyìí, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ilé náà: èédú, àlùbọ́sà tí wọ́n fi ọ̀rá adìẹ dín, àti aṣọ onírun àgùntàn tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, yóò da ìborùn borí, yóò tan àbẹ́là méjì, yóò fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, yóò sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kò ní ṣá ìṣáná, kò ní ju èédú sínú ààrò, kò ní tẹ iná mànàmáná. Bí iná tó dá kalẹ̀ bá ń kú lọ, èmi ni mo máa ń lọ tún un dá. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe rí: kò lè rán mi. Òfin wọn kò gbà pé kó ní kí n dáná fún òun lọ́jọ́ ìsinmi. Nítorí náà yóò wá dúró sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, yóò kọjú sí ògiri, yóò sì sọ bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ó tutù lónìí."

Èmi náà á dáhùn láti òkè pé, "Ó tutù, Màmá." Mo máa sáré sọ̀kalẹ̀, mo máa fi ẹ̀mú mú èédú sínú ààrò, mo máa fẹ́ ẹ títí ojú mi á fi dúdú. Ó sọ ọ́ lọ́jọ́ kan nínú oṣù keje, tí mò ń làágùn. Omi tíì ló fẹ́ kí n gbé kaná. Bó bá ti ní ó tutù, ó tutù nìyẹn.

Adéògo kò mọ ìtumọ̀ gbólóhùn yìí. Kò sí nínú ẹ̀rí tó jẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Tí ìràwọ̀ bá yọ lálẹ́ Sátidé, á pè mí wá jẹ búrẹ́dì tó kù. Wọ́n di búrẹ́dì náà bí ẹni di irun. Nígbà tí mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe ń di irun mi, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní òun ló ń di irun àwọn àbúrò òun nílé. Láti ìgbà náà, bí ìyá mi bá wà níbi iṣẹ́, òun ló ń di irun mi. Ó máa ń fà á bí ẹni tó ń po ìyẹ̀fun. Mo ti lọ sí ilé ìwé pẹ̀lú búrẹ́dì mẹ́ta lórí, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwòrán kan wà lókè ààrò: ènìyàn mọ́kànlá níwájú ilé kan, igi kan lẹ́yìn wọn. Òun nìkan ló kù nínú wọn. Wọ́n ti kọ́ mi ní kíláàsì ọjọ́ Àìkú pé Ọlọ́run ń ṣọ́ Ísírẹ́lì, ni mo bá bi í, bí ọmọdé ṣe ń béèrè láìro ohun tó ń gún, pé, "Màmá, ṣé kò ṣọ́ àwọn wọ̀nyí ni?"

Ó gbé àwòrán náà sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Ó ń ṣọ́ wa. Ọba tó fẹ́ pa wá run pọ̀, wọ́n ti lọ, a ṣì wà. Ìdí tó fi jẹ́ èmi ló kù nínú àwọn mọ́kànlá, mo ti bi í. Kò tíì sọ fún mi." Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu gíláàsì àwòrán náà. "Ọlọ́run kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Aládùúgbò ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n wá kó wa, àwọn aládùúgbò wa ń kọrin nínú ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Mo ń gbọ́ wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ."

Wàyí o, Adéògo. Brọ́dà Adéògo là ń pè é nígbà náà. Ó wá kọ́ iṣẹ́ lọ́yà. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi kọ́ ọ, kò sì di lọ́yà, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó sì gbà pé ẹni tí ohùn rẹ̀ bá jinlẹ̀, òun ni Ọlọ́run ń bá sọ̀rọ̀. Òun ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà tó ń pàdé ní yàrá wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Orin Ísírẹ́lì ni wọ́n ń kọ jù: bí òkun ṣe pín sí méjì, bí ẹṣin ọba Íjíbítì ṣe rì. Wọ́n á máa fò sókè, àjà yàrá Màmá Blum á máa mì tìtì. Kò ráhùn rí.

Lọ́jọ́ kan Adéògo tètè dé. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí díẹ̀. Ó rí obìnrin tó borí, tó fọwọ́ bojú, tó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níwájú àbẹ́là méjì. Ó rí èmi lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ààrò, mò ń fẹ́ná. Àtẹ̀gùn tó gùn lọ bá ìyá mi, bóyá ló fi ẹsẹ̀ kan mẹ́ta nínú rẹ̀.

"Sístà, obìnrin yẹn ń lo ọmọ yín!"

Ìyá mi ní, "Ó ń bá wọn dáná ni, Brọ́dà."

"Kí ló dé tí kò lè ṣá ìṣáná fúnra rẹ̀? Ṣé ó rọ lọ́wọ́ ni? Jímọ̀ nìkan! Ọmọ ọlọ́mọ nìkan! Orí ọmọ yín ló fi ń dá iná yẹn o."

"Júù ni wọ́n, Brọ́dà. Òfin wọn ni."

Adéògo rẹ́rìn-ín. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín náà. "Júù kẹ̀? Jerúsálẹ́mù ni àwọn Júù wà. Ṣé àyànfẹ́ Ọlọ́run ni yóò máa rán ihò bọ́tìnnì ní Peckham? Òyìnbó lásán nìyẹn. Àjẹ́ òyìnbó."

Ìyá mi, tó mọ orúkọ gbogbo eegun tó wà lára ènìyàn, bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù. Èmi nìkan ló bí. Ó ní kí n má sọ̀kalẹ̀ mọ́ títí òun yóò fi rò ó wò. Ó ti kú, mo sì ti dárí jì í, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ síbí.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, yìnyín ti bo ilẹ̀ láti ìgbà Kérésì, kò yọ́. Omi ti dì nínú páìpù. Ìyá mi wà níbi iṣẹ́. Ẹgbẹ́ àdúrà péjọ sí yàrá wa, wọ́n tan sítóòfù kẹrosíìnì wa, wọ́n yí i ká, wọ́n ń kọrin bí òkun ṣe pín. Mo jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Bí wọ́n ṣe parí orin kìíní, mo gbọ́ ọ láti ìsàlẹ̀.

"Ó tutù lónìí."

Mo dìde. Adéògo gbé ọwọ́ lé èjìká mi. "Má dáhùn," ló sọ.

Màmá Blum tún un sọ. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, ohùn rẹ̀ kéré.

Ó máa ń wù mí kí n sọ pé ọwọ́ Adéògo wúwo. Kò wúwo. Ọwọ́ tí kò gbé nǹkan kan rí láyé ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ lè yọ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀. N kò yọ́. Mo fẹ́ kí àwọn àgbà inú yàrá náà máa pè mí ní ọmọ dáadáa. Mo gbọ́ bí bàtà inú ilé rẹ̀ ṣe ń wọ́ padà, mo gbọ́ bí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe padé. Àwọn tiwa bẹ̀rẹ̀ orin kejì. Wọ́n mọ̀ ọ́n kọ.

Lọ́jọ́ kejì, n kò gbọ́ ìró kankan láti ìsàlẹ̀. Ìràwọ̀ yọ, kò sí ẹni tó pè mí wá jẹ búrẹ́dì. Nígbà tí ìyá mi ti ibi iṣẹ́ dé, mo jẹ́wọ́ fún un. Fìlà nọ́ọ̀sì ṣì wà lórí rẹ̀ tó fi sáré sọ̀kalẹ̀. Ó bá Màmá Blum lórí bẹ́ẹ̀dì, ó wọ kóòtù mẹ́ta léra, kóòtù ilé iṣẹ́ tí yìnyín kò jẹ́ kí wọ́n wá kó lọ́jọ́ Bọ̀, tí wọn kò tíì so bọ́tìnnì mọ́, kò sì sí ohun tó lè fi dé wọn láyà. Eérú inú ààrò tutù bí òkúta. Òtútù àyà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọkọ̀ ọsibítù gbé e lọ sí Camberwell.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, Adéògo dìde ní yàrá wa, ó jẹ́rìí pé àdúrà ti gbé àjẹ́ ṣubú. Ẹ̀rí àkọ́kọ́ tó jẹ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Ìyá mi ṣí ilẹ̀kùn gbayawu.

"Ẹ jáde."

"Sístà, ẹ jẹ́ ká..."

"Ẹ jáde, Brọ́dà, kí n tó bú yín!"

Ó ṣì ń fi 'ẹ̀yin' bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ ilé yóò pa wá lọ́jọ́ kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni Màmá Blum lò ní ọsibítù. Lójoojúmọ́, bí ìyá mi bá parí iṣẹ́, á lọ jókòó tì í. Mo ti há ẹ̀bẹ̀ mi sórí bí ẹni tó ń lọ dáhùn ìdánwò. Ó dé lọ́jọ́rú, ó rù, ó ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó tan àbẹ́là rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wá sí ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Ó tutù lónìí."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí tí kò fi bá mi wí. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ sí i rí, ó sì ti pẹ́ tó ti mọ bí a ṣe ń bá irú wa gbé.

Ó lo ọdún mọ́kànlá sí i. Yunifásítì ni mo wà nígbà tó kú. Ẹ̀mú èédú rẹ̀ ló ní kí wọ́n fún mi. Ó wà lójú fèrèsé fláàtì mi, fláàtì kánsù tí kò ní ààrò. Tọ́lá rò pé ohun tí wọ́n fi ń yí ẹran lórí iná ni. Wọ́n ti gé ilé náà sí fláàtì mẹ́rin, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé e ti fi ọ̀dà eléérú kun ilẹ̀kùn, wọ́n gbin òdòdó sínú ibi tí à ń kó èédú sí. Iṣu ń bẹ ní Rye Lane, òpópónà ọjà Peckham, láti òpin kan dé èkejì. Nígbà tiwa, iṣu kan ṣoṣo tó dé sí Peckham láàárín ọdún kan, bí òkú ọba ni gbogbo wa ṣe lọ wò ó.

Ṣé mo gbàgbọ́ pé Ọlọ́run ń pa àwọn Júù mọ́? Mo gbàgbọ́, ju gbogbo àwọn tó ń fọn ìwo lọ. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì lọ wo àwọn ọba Íjíbítì ní òdì kejì odò, ní ilé tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí. Òkúta ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò ní imú mọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń jẹ súwítì níwájú wọn. Àwọn ọba Ásíríà wà ní yàrá tó tẹ̀lé e, ògiri ààfin wọn nìkan ló kù. Ti Jámánì, tó pa àwọn mẹ́wàá inú àwòrán yẹn, kò ní ibojì tí ẹnikẹ́ni lè lọ tutọ́ sí. Ṣùgbọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ní ìhà àríwá ìlú yìí, obìnrin kan yóò di búrẹ́dì bí ẹni di irun. Ọkùnrin kan yóò sì dúró sẹ́nu géètì ilé ìwé àwọn ọmọ wọn kéékèèké, yóò máa ṣọ́ wọn, títí di òní olónìí, nítorí aládùúgbò. Ọlọ́run ti ń ṣe tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Àwa ni a kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí Adéògo ṣì di máìkì mú. "Irọ́ ni, Adéògo," ni mo wí. Mo pe orúkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀, láìfi bàbá tàbí brọ́dà ṣáájú. "O mọ̀ pé irọ́ lo pa."

"Háà!" ni gbogbo ìjọ kígbe. Ọmọbìnrin tó ń tọ́ ènìyàn sí àga sáré wá, ó ní, "Mummy, ẹ rọra, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu omi." Tọ́lá fà mí láṣọ, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Grandma, allow it, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́." Pásítọ̀ yára ṣẹ́jú sí oníkíbọ́ọ̀dù, orin bẹ̀rẹ̀. Adéògo ń wò mí, ó ń fún ojú pọ̀. Máìkì ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ tó fi ní, "Ta nìyẹn?"

Kò dá mi mọ̀. Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti ń tọ́jú ìbínú yìí bí ẹni tọ́jú wúrà, ẹni tí mo tọ́jú rẹ̀ dè kò sì mọ̀ mí rárá.

Lẹ́yìn ìsìn, Tọ́lá lọ gbé mọ́tò. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ti ti Adéògo wá síbẹ̀ náà, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀. Ẹni tó ń tì í ti lọ síbi òróró. Ilẹ̀kùn irin ńlá tó wà níbẹ̀ ṣí sílẹ̀, atẹ́gùn Old Kent Road ń wọlé. Aṣọ àdúrà àwọn Júù tí wọ́n fi bo òun náà ti yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Àwọn J.P. ń kọjá níwájú rẹ̀, wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ìwo. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "Ó tutù lónìí."

Kò mọ ohun tó sọ. Mo jókòó, n kò mira. Mo jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, nítorí mo fẹ́ mọ bí ohùn rẹ̀ yóò ṣe rí. Ó kéré.

Mo dìde. Mo ti ilẹ̀kùn irin náà, ó wúwo. Mo gbé aṣọ yẹn nílẹ̀, mo fi wé e láti àyà dé ẹsẹ̀, mo sì dì í le. N kò fẹ́ràn rẹ̀. Bí mo ṣe ń dì í, mo kórìíra rẹ̀ tẹ́rùntẹ́rùn.

Ó gbójú sókè. "Ta nìyẹn?"

"Ẹni tó dáná," ni mo dá a lóhùn, mo sì jáde lọ dúró de Tọ́lá nínú òtútù.